Ta Ló Fún Wọn Láyè? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Kọ̀ǹpútà Ilé

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yàn lóṣù yìí nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ wọn so kọ́ra. Kọ̀ǹpútà ilé ni gbogbo wọn ń sọ, èyí tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ ń lò, tí ìpolówó burúkú, ímeèlì ẹ̀tàn àti àwọn áàpù amí wá gbòde nínú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, irú iṣẹ́ yìí ló ń wọlé jù báyìí, ó ju ojú kọ̀ǹpútà tó fọ́ lọ, ó ju bátìrì tó kú lọ. Inú mi kì í dùn láti gba owó lórí rẹ̀, torí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣe ìṣirò ọjà mi ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá ti tàn án báyìí, ìwé kékeré kan á yọ ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀, á ní fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ti wọ inú rẹ̀, kí n tètè sanwó. Bí mo bá pa ọ̀kan, òmíràn á yọ. Nígbà mìíràn àwòrán ìhòhò ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ mi ń fi kọ̀ǹpútà yìí ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Ẹnìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n mú ₦15,000 wá, òun á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ṣé kí n gbé e fún un? — Ìyá Ìbejì, Òkè-Àdó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá ọjà. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ìṣirò ọjà yín á bá a lọ, ìpolówó yẹn sì lè padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ohun tó mú un wá fún yín.

Igun ọ̀tún nísàlẹ̀ tí ẹ dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni Windows máa ń fi ìfitónilétí hàn, bí ìgbà tí ímeèlì bá wọlé. Sáìtì kan ló ti gba àyè lọ́wọ́ bíráúsà yín, ìyẹn áàpù tí ẹ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, láti máa gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹnìkan nínú ilé, bóyá ọmọ tó ń wá bọ́ọ̀lù wò lọ́fẹ̀ẹ́, bóyá ẹni tó fẹ́ gba fíìmù sílẹ̀, dé sáìtì kan. Kí fídíò tó ṣí, àpótí kékeré kan yọ lókè lápá òsì, ó ní kó tẹ "Allow" tàbí "Block". Wọ́n tún ti kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé náà pé àfi kó tẹ "Allow" kí àwọn lè mọ̀ pé èèyàn ni, kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Ó tẹ̀ ẹ́. Fídíò ìbáà ṣí, ìbáà má ṣí, láti ọjọ́ náà lọ ni sáìtì yẹn ti láṣẹ láti máa ránṣẹ́ sí yín, bí ẹ ò tilẹ̀ yà síbẹ̀ mọ́ láyé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n ti tẹ "Allow" yẹn ni ògiri ti lanu.

Ní ti fáírọ́ọ̀sì márùn-ún, irọ́ ni. Kò sí sáìtì tó lè jókòó sí òkèèrè kó wá máa ka fáírọ́ọ̀sì nínú kọ̀ǹpútà yín. Iye kan náà ni wọ́n kọ sí gbogbo èèyàn. Ẹni tí àyà rẹ̀ á já ni wọ́n ń wá, tó máa sáré sanwó, tàbí tó máa gba áàpù tí wọ́n pè ní oògùn fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀. Áàpù yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ amí.

Ìpolówó tó ń fò jáde kì í ṣe ohun tuntun. Ethan Zuckerman, ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Tripod láti 1994 sí 1999, ló kọ ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ló bínú pé ìpolówó òun wà lójú ewé kan tí kò bójú mu, ni Zuckerman bá ṣe é kí ìpolówó máa ṣí sí ojú fèrèsé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2014, ó kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé. Bíráúsà òde òní ti ń dènà irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, ìdí sì nìyí tí àwọn ẹlẹ́tàn fi yí sí ọ̀nà ìfitónilétí. Wọn ò lè já wọlé mọ́, àfi kí wọ́n bẹ̀ yín.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ wọ "Settings". Àpótí ìwárí kan wà níbẹ̀, ẹ kọ "notifications" sínú rẹ̀, á mú yín dé "Site settings", lẹ́yìn náà "Notifications". Ẹ ó rí orúkọ àwọn sáìtì tó láṣẹ láti ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń figbe ta nígbà tí wọ́n bá rí i, torí orúkọ tí wọn ò gbọ́ rí lá kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹ yọ wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yan èyí tó ní kí sáìtì kankan má ránṣẹ́ sí yín. Bó bá jẹ́ Edge tàbí Firefox lẹ ń lò, ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ kọ sínú àpótí ìwárí "Settings" tiwọn. Ní ìgbà púpọ̀, ibí yìí ni gbogbo wàhálà máa ń parí sí.

Àmọ́ ẹ má tíì dìde. Ẹ wo "Extensions" nínú bíráúsà kan náà. Àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n so mọ́ bíráúsà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì lágbára láti rí gbogbo ojú ewé tí ẹ bá ṣí. Èyí tí ẹ ò bá mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wọ "Settings" ti Windows fúnra rẹ̀, ẹ wá "Apps", kí ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé. Bó bá jẹ́ pé wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, áàpù tó dé ní àkókò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n sábà máa ń bá áàpù gidi wọlé ni, nígbà tí èèyàn bá ń tẹ "Next, Next, Next" láìkà ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Níkẹyìn, ẹ ṣí "Windows Security". Láti ìgbà Windows 8 ni Microsoft Defender, ẹ̀ṣọ́ tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, ti wà nínú Windows, ọ̀fẹ́ ni, ó sì tó fún ilé. Ẹ wọ "Virus & threat protection", lẹ́yìn náà "Scan options", kí ẹ yan "Full scan". Ó lè gba wákàtí púpọ̀. Èyí tí wọ́n pè ní "Offline scan" yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, á pa kọ̀ǹpútà kó tó tún un tàn, ó sì ń rí àwọn tó ń sá pamọ́ nígbà tí Windows bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí iná wa ṣe ń ṣe níbí, kò dáa kó kú sí àárín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ, ìyẹn ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ ṣí àkáǹtì tiwọn fún wọn lọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà, kó jẹ́ "Standard", kì í ṣe "Administrator". Bí áàpù kan bá fẹ́ wọlé láti ọwọ́ wọn tó sì fẹ́ fọwọ́ kan gbogbo kọ̀ǹpútà, Windows á kọ́kọ́ béèrè páásíwọọ̀dù yín. Ẹ tún bá wọn fi uBlock Origin, tó ń dènà ìpolówó, sí Firefox, tàbí uBlock Origin Lite sí Chrome, kí àwòrán burúkú tó ń bá ìpolówó wá lè dín kù. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Inú ilé ìtajà bíráúsà náà gan-an ni kí ẹ ti mú un, kí ẹ sì wo orúkọ rẹ̀ dáadáa, torí àwọn ayédèrú tó fara jọ ọ́ wà. Kí ẹ má sì na ọmọ kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ẹgba ò ní sọ fún yín lọ́jọ́ tó bá tún tẹ nǹkan.

Bí ọjọ́ kan bá wá dé tí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà kún fún ìkìlọ̀ pupa, tó ń pariwo, tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀ pé kí ẹ pe Microsoft, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ìkìlọ̀ Microsoft kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú rárá. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ yan bíráúsà nínú ohun tó bá yọ, kí ẹ tẹ "End task". Bí ẹ bá tún bíráúsà ṣí tó ń béèrè bóyá kó dá ojú ewé àtẹ̀yìnwá padà, ẹ kọ̀ fún un.

Ọmọ mi, mo kí ẹ. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ojoojúmọ́ ni ímeèlì tí mi ò mọ orísun rẹ̀ ń kún inú àpótí mi. Òmíràn ní mo jẹ ẹ̀bùn, òmíràn ní báńkì mi á ti àkáǹtì mi pa àfi bí mo bá fi BVN àti nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ránṣẹ́. Ọ̀kan tiẹ̀ dárúkọ mi pé pérépéré. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ mi jẹ́ẹ́, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ mí? — Bàbá Olùkọ́, Mọníyà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Bàbá. Mo bẹ̀ yín sà, ẹ má dá wọn lóhùn mọ́. Ẹni tó fi ímeèlì yẹn ránṣẹ́ ò mọ̀ bóyá èèyàn ń lo àdírẹ́sì yín tàbí a ti pa á tì. Ìdáhùn yín ló ń jẹ́rìí fún un pé ẹnìkan ń kà á, ìyẹn ló sì fi ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni "unsubscribe" tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì àjèjì. Ilé iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún.

Wọn ò mọ̀ yín, Bàbá. Àwọn sáìtì tí a ti forúkọ sílẹ̀ rí ni wọ́n jí ìwé orúkọ wọn, tí orúkọ, ímeèlì àti páásíwọọ̀dù fi wọ ọjà àwọn olè. Troy Hunt, ará Australia, dá sáìtì kan sílẹ̀ ní 2013 tó ń jẹ́ Have I Been Pwned. Ẹ kọ ímeèlì yín síbẹ̀, á sọ ibi tí orúkọ yín ti jò jáde fún yín, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ti jò níbì kan, ẹ pààrọ̀ páásíwọọ̀dù ibẹ̀, àti ti gbogbo ibòmíràn tí ẹ ti lo irú rẹ̀. Kí ẹ wá tan "2-Step Verification" nínú Gmail yín, kó lè jẹ́ pé bí ẹnìkan bá tiẹ̀ mọ páásíwọọ̀dù, á ṣì nílò fóònù yín kó tó wọlé.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí wù wọ́n ni pé kò ná wọn lówó. Ní oṣù Karùn-ún 1978, Gary Thuerk tó ń polówó kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ DEC ní Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí bí 400 èèyàn lórí ARPANET, tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣẹ̀ wá. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ra ọjà. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti mọ̀ pé bí ẹni ẹgbẹ̀rún bá kọ̀, ẹnì kan tó bá dáhùn ti tó. Ó dùn mí láti sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ìlú wa yìí náà wà lára àwọn tó ń fi irú rẹ̀ jẹun.

Nítorí náà, ẹ fi àmì sí i láìṣí i, kí ẹ tẹ "Report spam". Gmail á máa kọ́ lára rẹ̀. Èyí tó bá pe ara rẹ̀ ní báńkì, ẹ wo àdírẹ́sì tó ti wá, pàápàá ohun tó tẹ̀lé àmì @. Báńkì gidi kì í béèrè PIN, kì í béèrè OTP, kì í béèrè nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì, ìbáà jẹ́ nínú ímeèlì tàbí lórí fóònù. Bí ìwé kan bá sì so mọ́ ọn tó ní kí ẹ tẹ "Enable Content" kí ẹ tó lè kà á, ẹ pa á dé. Ibẹ̀ ni amí máa ń gbà wọlé, ó sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí Microsoft fi bẹ̀rẹ̀ sí í dènà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 2022.

Ẹ ò sọ bóyá ẹ ti fún wọn ní nọ́ńbà kankan rí. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà tí báńkì yín tẹ̀ sẹ́yìn káàdì lónìí, kí wọ́n ti káàdì náà pa. Kì í ṣe nǹkan ìtìjú. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti 2015, EFCC sì ní ẹ̀ka nílùú Ìbàdàn níbí tí ẹ lè mú ẹjọ́ lọ.

Àǹtí, ẹ káàsán mà. Mo gbé fláàṣì mi lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan láti tẹ pírójẹ́ẹ̀tì mi jáde. Nígbà tí mo délé, gbogbo fódà mi ti di "shortcut". Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi antivirus méjì sí láptọ́ọ̀pù mi. Òun náà ló bá mi fi Office sí i, ó ní kí n pa Defender kí Office yẹn tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ gbà mí mà, ọ̀gá mi fẹ́ rí iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. — Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbowó

Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi. Ó ṣeé ṣe gan-an kí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ má tíì sọnù. Fáírọ́ọ̀sì yẹn kì í sábà pa fáìlì rẹ́. Ńṣe ló máa ń fi wọ́n pamọ́, tó sì ń gbé ayédèrú sí ipò wọn. Má tẹ "shortcut" kankan níbẹ̀, torí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú fáírọ́ọ̀sì náà sínú láptọ́ọ̀pù.

Kọ́kọ́ tan Defender padà. Ki fláàṣì bọ̀ ọ́, lọ sí "This PC", tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí fláàṣì náà, kí o yan "Scan with Microsoft Defender". Nígbà tó bá parí, ṣí "Command Prompt". Bí lẹ́tà fláàṣì rẹ bá jẹ́ E, kọ èyí, kí o sì tẹ Enter:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Fódà rẹ á yọ padà. Da fáìlì rẹ kọ síbòmíràn, pa àwọn ayédèrú rẹ́, kí o sì pa gbogbo ohun tó bá kù nínú fláàṣì náà rẹ́ pátápátá ("Format"). Lọ́jọ́ mìíràn, sọ iṣẹ́ rẹ di PDF, kí o fi ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, fláàṣì tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ni kí o gbé lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà kan náà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Antivirus méjì ò ṣe ọ́ láǹfààní. Wọ́n á máa dí ara wọn lọ́wọ́, láptọ́ọ̀pù á sì máa wọ́. Ọ̀kan tó.

Ọ̀rọ̀ Office yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ti fláàṣì lọ. Ohunkóhun tó bá ní kí o pa ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà kó tó lè wọlé, ìwọ náà bi ara rẹ pé kí ló fẹ́ ṣe tí kò fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ rí. Nínú àwọn áàpù tí wọ́n fi ń já Windows àti Office gbà láìsanwó ni àwọn amí tó burú jù máa ń wà. Amí kì í pariwo bí ìpolówó. Á rọra kó gbogbo páásíwọọ̀dù tí o ti fi pamọ́ sínú bíráúsà, á máa ka ohun tí o bá ń tẹ̀, á sì máa fi dátà rẹ kó wọn ránṣẹ́. Àmì tí o lè rí kò ju pé dátà ń tán kíákíá, tàbí pé fáànù ń pariwo nígbà tí o ò ṣe nǹkan kan. Yọ ọ́ kúrò lónìí, ṣe "Offline scan" tí mo ṣàlàyé fún Ìyá Ìbejì lókè, lẹ́yìn náà kí o lo kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn láti pààrọ̀ páásíwọọ̀dù rẹ, ti ímeèlì àti ti báńkì ṣáájú. Fi LibreOffice rọ́pò rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí o bá ti gbà á sílẹ̀, ó sì ń ṣí fáìlì Word. Office tó wà nínú bíráúsà, ti Microsoft fúnra wọn, náà jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àtìlẹ́yìn wa. Mo ti pa update Windows 10 mi torí ó ń jẹ dátà. Wọ́n wá ń sọ pé Windows 10 ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣé ó di dandan kí n ra láptọ́ọ̀pù tuntun? — Télọ̀, Bódìjà

Kò di dandan. Ṣùgbọ́n update tí ẹ pa yẹn, ẹ bá mi tàn án padà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry kọ lu kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150, ó ti fáìlì wọn pa, ó sì ń béèrè owó. Ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó fara gbá. Oògùn rẹ̀ ti wà nínú update tí Microsoft gbé jáde láti oṣù Kẹta ọdún náà. Àwọn tí wọn ò tíì gbà á ló há sí i.

Lóòótọ́ ni pé Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọdún kan sí i fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún Extended Security Updates, títí di oṣù Kẹwàá 2026. Nínú "Settings", níbi "Windows Update", lẹ ó ti rí ìforúkọsílẹ̀ náà. Ẹ tún lè bi Windows bóyá láptọ́ọ̀pù yín lè gba Windows 11. Áàpù "PC Health Check" ti Microsoft ló ń sọ ọ́. Bí kò bá lè gbà á, a lè fi Linux Mint rọ́pò Windows nínú rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́.

Ní ti dátà, ẹ ra èyí tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú fún òru, kí ẹ fi láptọ́ọ̀pù sórí ṣájà, kí update wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ẹ tó gbé e wá sọ́dọ̀ mi fún Linux, ẹ da àwòrán aṣọ àwọn oníbàárà yín àti ìwọ̀n wọn kọ sí háàdì díìsìkì ìta, ẹ yọ ọ́ kúrò lára láptọ́ọ̀pù, kí ẹ fi í sílẹ̀ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ṣájà dání.